Iṣẹ́ Tí Dókítà Rán Awẹ́ró

Nígbà yẹn, Bàbá Adéògún télọ̀ ṣì wà láyé, ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ tó wú wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgò, igi máńgò náà sì ṣì wà ní ìdúró. Afua tó ń ta wàákyé lẹ́nu ọ̀nà ṣì wà láyé, tí kò sí ọ̀rọ̀ kan ní gbogbo àdúgbò Mamobi ní Gánà tí kò ní bá ìrẹsì àti ẹ̀wà rẹ̀ wọnú ewé. Lémọ́ọ̀mù àgbà tó máa ń fi ọ̀fun ara rẹ̀ pe ìrun nígbà tí iná bá lọ ṣì wà. Hajia Habiba, ìyá ilé, ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ohùn rẹ̀ a sì máa ti Mamobi dé Nima láìgun ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ. Awẹ́ró ló kù, Awẹ́ró kì í sì í sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ tí àwọn ará ilé ọkọ fẹ́ kó lẹ́fẹ̀ wá fún Nafisa, ọmọ àbígbẹ̀yìn Hajia. Ẹni tó bá mọ Sóńgò, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí, mọ lẹ́fẹ̀: àpótí aṣọ, bàtà, òróró ìpara àti wúrà tí ọkọ ń kó ránṣẹ́ sí ìyàwó kí ìgbéyàwó tó dé. Àwọn obìnrin ló ń rù ú wá pẹ̀lú ariwo ayọ̀, wọ́n á sì fi ojú wọn ìyàwó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni ń wọn aṣọ ní ọjà Makola. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń gbá àgbàlá. Ẹran ewúrẹ́ ti ń hó lórí iná. Hajia jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọ̀pá pàṣẹ fún gbogbo ènìyàn.

Awẹ́ró wà lẹ́yìn ilé, ó ń ro ọṣẹ dúdú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, ọṣẹ tí àwọn ará Gánà ń pè ní alata samina nítorí pé àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Aláàtà la mú un wá síbẹ̀. Ashaiman ló ti ń rò ó kí àìsàn ẹ̀dọ̀ tó mú ọmọ rẹ̀ Fàrídà, ìyàwó Yusif, tó fi kó ìkòkò àti eérú rẹ̀ wá sílé àna láti wá máa tọ́jú ọmọ. Yusif ni àkọ́bí Hajia. Obìnrin tó bá ń gbé ilé àna ọmọ rẹ̀, orí ẹ̀gún ló ń gbé. Ó gbọ́dọ̀ jí kí ilé tó jí, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ kó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ohun tí Awẹ́ró sì ti gbọ́ nílé yìí kò kéré. Ó gbọ́ nígbà tí Hajia sọ pé àìsàn ọ̀mùtí ni àìsàn ẹ̀dọ̀, bẹ́ẹ̀ Fàrídà kò fi ẹnu kan ọtí rí. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ya ife sọ́tọ̀ fún ọmọ náà, wọ́n so òwú pupa mọ́ ọn létí kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì fi mumi. Ó wà níbẹ̀ nínú oṣù ààwẹ̀, tí gbogbo obìnrin ilé yí àwo ńlá kan ká láti ṣínu, tí Hajia sì ti àwo kékeré sí Fàrídà ní ìdí ògiri bí ẹni ń bọ́ ológbò. Dókítà ti sọ pé àìsàn yìí kì í ran ènìyàn. Awẹ́ró sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Òwú pupa kò kúrò létí ife. Gbogbo rẹ̀ ni Awẹ́ró ń kó pa mọ́ sínú, ó ń dì í ní ìdì-ìdì bí igi ìdáná.

"Màmá." Ohùn Fàrídà ló gbọ́ lójú fèrèsé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò mí."

Ó fi ọmọrogùn sílẹ̀, ó wọlé. Fàrídà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, dígí kékeré ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè. Ìtọ̀ tó tọ̀ sínú póò dúdú bí omi tíì. Ó ti fi èékánná họ apá àti itan rẹ̀ títí ó fi bó, ikùn rẹ̀ sì ti yọ síwájú lábẹ́ ìró.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ń rẹ̀ mí látọjọ́ yìí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ òní, Màmá. Ilé fẹ́ gbàlejò."

"Oògùn rẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ń fún mi. Ọjọ́ wo la pa á jẹ?"

Òótọ́ ni. Kò sí àárọ̀ kan tí Awẹ́ró kì í ṣí agolo Máílò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó ka hóró funfun kéékèèké sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì dúró wò ó títí yóò fi gbé e mì. Nígbà tí Fàrídà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, ó pa iná inú ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ojú rẹ̀ bí ẹni fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yípo. Fàrídà ń sunkún nítorí ojú náà, àwọn obìnrin àdúgbò sì ń jowú rẹ̀. Wọ́n ní obolo ni, ẹni tó sanra dáadáa, wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti ń fà sílẹ̀. Inú Awẹ́ró dùn sí i. Ó rò pé ojú ọmọ òun ń padà bọ̀ wálé ni.

Òjìji Hajia dí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Fàrídà, ọṣẹ yín fẹ́ jó o." Lẹ́yìn náà ló rí ojú Fàrídà. Kò bèèrè ohun tó ṣe é. Ó yí ojú sí ògiri. "Ẹ ti ilẹ̀kùn yín pa. Àwọn àna mi ti ń bọ̀ lọ́nà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí irú ojú yẹn nínú ilé mi. Wọ́n á ní a lárùn nínú ẹ̀jẹ̀."

"Ọsibítù là ń lọ, Hajia."

"Kò burú. Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé."

Yusif dúró ní àgbàlá nínú jàlábíà funfun. Takisí tó ń wà ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn níwájú láti fi lọ gbé àwọn obìnrin àgbà ilé ọkọ Nafisa. Awẹ́ró mú ọmọ rẹ̀ lápá jáde.

"Yusif, wá fi mọ́tò gbé ìyàwó rẹ dé ọsibítù."

Yusif wo ìyá rẹ̀. Hajia kò gbé ojú sókè. "Ta ló máa gbé àwọn àlejò mi?" ó ní. "Tírótíró elérò pọ̀ lójú títì."

"Màmá, ẹ máa lọ," Yusif sọ fún Awẹ́ró. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa owó tó ti rún jáde, ó fi í lé e lọ́wọ́ láìwo Fàrídà. "Tí wọ́n bá ti lọ tán, mà á wá bá yín níbẹ̀."

Awẹ́ró gba owó náà. Ó kí i pé ó ṣeun. Ó di ìyẹn náà mọ́ ìdì tó wà nínú rẹ̀.

Bàbá Adéògún ló fi ìránṣọ sílẹ̀, tó ń tiro bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó ń bá wọn gbé báàgì dé ojú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n yọ sójú ọ̀nà, Afua na ṣíbí ìbùwàákyé sí wọn.

"Ei, Maame, ẹ̀yìnkùlé lẹ gbà jáde lónìí? Ṣé ẹ jí ẹran Hajia ni?" Nígbà tó rí Fàrídà, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Kóòsẹ̀, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á ṣe é." Ṣùgbọ́n ẹnu Afua kì í lè sinmi. "Àwọn tó ń bọ̀ wá wo ìyàwó á rí ìyàwó wò o. Nafisa tó dà bí ọwọ̀ lọ́jọ́sí ti wá sanra. Mo bi í pé kí ló ń jẹ, ó ní wàákyé mi ni. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, èmi tí mò ń sè é, ṣebí bí mo ṣe gbẹ nìyí?"

Bàbá Adéògún rẹ́rìn-ín díẹ̀. Awẹ́ró kò gbọ́. Tírótíró ló ń wò.

Dókítà tó ń tọ́jú Fàrídà jẹ́ ọmọbìnrin kan láti Nàìjíríà, Olúwapamílẹ́rìn lorúkọ rẹ̀. Bó ṣe fa ìpéǹpéjú Fàrídà sílẹ̀, ojú tirẹ̀ náà yí padà. Ó ní kí wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n so omi kọ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Awẹ́ró.

"Màmá, ìgbà wo ló dá oògùn rẹ̀ dúró?"

"Kò dá a dúró. Ọwọ́ èmi yìí ló ti ń gbà á."

"Ẹ gbé e wá kí n rí i."

Awẹ́ró yọ agolo Máílò nínú báàgì. Dókítà da hóró funfun náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka yí wọn, ó gbé ọ̀kan súnmọ́ iná. 

"Èyí kọ́ la fún yín. Díẹ̀ péré ló jẹ́ tiwa nínú rẹ̀. Ìyókù, fáítámì Sí ni, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń lá bíi súìtì."

Awẹ́ró mú ọ̀kan, ó fi sórí ahọ́n. Ó kan. Kíkan náà gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun. Ìyẹn ló ti ń bù fún ọmọ rẹ̀ láràárọ̀, tó ń sọ pé, "Bísímílà, gbé e mì."

"Ṣé ẹ rántí ohun tí mo sọ fún yín níjọ́sí?" Dókítà fa àga, ó jókòó. "Mo ní àwọn ọmọ-ogun inú ara rẹ̀ ló kọjú sí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń bá a jà."

"Mo rántí. Mo ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

"Òun gan-an. Oògùn yìí ló ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Ẹnì kan ti kó o nínú agolo yín, ó fi èyí rọ́pò. Mo sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àwọn ọmọbìnrin ń lò ó kí wọ́n lè sanra. Wọ́n ń tà á fún wọn níta bí ẹ̀pà. A ń rí wọn níbí." Ó rọra sún mọ́ ọn. "Màmá, ẹ fetí sí mi dáadáa. Ẹ wá ẹni náà rí. Kó má dá a dúró lójijì. Ẹni tó bá ti ń lò ó fún oṣù mélòó kan, ara rẹ̀ ti gbàgbé iṣẹ́ tó máa ń ṣe fúnra rẹ̀. Tó bá já a lẹ́ẹ̀kan, tí ibà díẹ̀ tàbí èébì bá wá dé, ó lè ṣubú kó má dìde mọ́. Díẹ̀díẹ̀ la máa ń mú un kúrò lára. Kó wá bá mi lọ́la. Mi ò ní bá a jà, mi ò ní pe ọlọ́pàá. Ṣé ẹ máa jẹ́ iṣẹ́ yìí fún un?"

"Mà á jẹ́ ẹ."

Nígbà tí dókítà lọ, Fàrídà ṣí ojú.

"Nafisa ni, Màmá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ta ló ń bá wa gbá yàrá tí ẹ bá wà nídìí ọṣẹ? Ẹ wo ojú rẹ̀. Ojú mi ni." Ó mí. "Ẹ jẹ́ iṣẹ́ náà fún un o. Ọmọdé ni. Wọ́n ló gbẹ, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ka á lára."

"Sinmi," Awẹ́ró wí. "Mo fẹ́ lọ mú aṣọ àti bàsíà wá."

Nínú tírótíró, ó jókòó ti fèrèsé, kò rí ìta. Òun ló ń yin Nafisa pé ọmọ dáadáa ni, ọmọ tó ń gbá yàrá aláìsàn láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Òun ló ń gé ọṣẹ fún un, ọṣẹ tó funfun jù nínú ọṣẹ dúdú, pé kó fi para kí awọ rẹ̀ jọ̀lọ̀ kó tó wọlé ọkọ. Ọmọ náà á gbà á, á kúnlẹ̀, á ní, "Màmá ọlọ́ṣẹ, ẹ ṣeun, ẹ ó jẹ oúnjẹ ìgbéyàwó mi." Á sì padà sídìí agolo. Bí obìnrin kan bá jí ìgò epo, wọ́n á lù ú lójú ọjà Ashaiman títí gèlè rẹ̀ á fi bọ́. Ẹni tó bá jí ẹ̀dọ̀ ọmọ ẹni ńkọ́?

Àwọn àlejò ti kún àgbàlá nígbà tó dé. Lẹ́fẹ̀ ti wà nílẹ̀, wọ́n ti ṣí àwọn àpótí sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí ohun tó wà nínú wọn. Àwọn obìnrin ń pariwo ayọ̀, wọ́n ń mi ahọ́n. Nafisa jókòó láàárín wọn lórí ẹní nínú ìborùn aláwọ̀ ewé, arábìnrin àgbà kan láti ilé ọkọ sì fi ìka méjì mú un lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹ wo ìyàwó wa. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, mo bi ọmọ wa pé ṣé igi ìdáná ló fẹ́ gbé wálé ni. Hajia, kí lẹ fún un jẹ?"

"Ọkàn tó balẹ̀ ni," Hajia wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Awẹ́ró dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i báyìí, kò sì yé e bí kò ṣe rí i tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yípo tó sì pọ́n. Irun wẹ́wẹ́ tó hù létí àgbọ̀n. Òkìtì ẹran tó wà lẹ́yìn ọrùn, tí ìborùn kò lè bò tán. Gbogbo rẹ̀ ló ti fi ọwọ́ pa lára ọmọ tirẹ̀ rí. Nafisa gbójú sókè, ojú wọn pàdé. Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu ọmọ náà. Ó rọra dìde, ó ní òun ń bọ̀, ó wọ yàrá ìyá rẹ̀ lọ. Awẹ́ró tẹ̀ lé e. Hajia rí ọ̀nà tí Awẹ́ró gbà wọlé, òun náà dìde.

"Kó o jáde," Awẹ́ró wí.

"Kí n kó kí ni jáde, Màmá ọlọ́ṣẹ?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi tí o gbé sójú."

Nafisa lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé orí tìmùtìmù sókè, ó fa ọ̀rá kan jáde, hóró funfun ṣẹ́kù nínú rẹ̀. 

Hajia ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀. "Ìyá Fàrídà, àlejò ń bẹ nílé. Ọ̀rọ̀ oògùn lásán lẹ ń bá kiri? Ọsibítù á fún un ní òmíràn."

"Ẹ mọ̀, Hajia?"

Hajia ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ń ré bọ́ sórí ìlẹ̀kẹ̀, ó ń dún wẹ́wẹ́.

"Mo bi yín ni. Ẹ mọ̀?"

"Wọ́n pe ọmọ mi nígi," Hajia wí. "Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí, ojú yín kọ́ ni? Ọmọ tiyín tó ń ṣàìsàn ń yọ̀kùn, tèmi tó lálàáfíà gbẹ bí ẹja. Mo ní kó máa bù ú díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní kó kó o tán."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ so òwú mọ́ ife kí àìsàn ọmọ mi má ràn yín."

Hajia ń wo ilẹ̀kùn tó tì.

"Ẹ ò jẹ́ fi ife rẹ̀ mumi, ẹ wá kó ohun tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sí tiyín."

"Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀."

"Mi ò ní rẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ jáde báyìí, kí n ṣí ìborùn ìyàwó níwájú ẹni tó rà á fún un. Kí n ní, ẹ wá wo ọkàn tó balẹ̀. Kí wọ́n fi ọwọ́ pa òkìtì náà wò. Kí wọ́n palẹ̀ àpótí wọn mọ́, kí wọ́n rù ú padà sí Nima lójú Afua, lójú gbogbo Mamobi."

Nafisa ti kúnlẹ̀, ó di ìró Awẹ́ró mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Omijé ń sàn lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńlá náà. "Màmá, ẹ dákun. Ẹ má bà mí láyé jẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó máa ṣe Àǹtí Fàrídà báyìí. Mo rò pé ara rẹ̀ ti yá, mo rò pé wọ́n kàn ń jẹ́ kó máa lò ó ni. Mi ò ní lò ó mọ́. Láti òní lọ, mi ò ní fi ọ̀kan sẹ́nu mọ́."

Ọ̀rọ̀ dókítà dìde nínú Awẹ́ró. Ó gùn dé ọ̀fun, ó dé ẹnu, ó kan eyín. *Kó má dá a dúró lójijì.* Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ọmọdé lè sọ ọ́. Níta, àwọn obìnrin tún pariwo ayọ̀, ẹnì kan ń na aṣọ kan sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Awẹ́ró wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ló ń wò. Àwo kékeré ìdí ògiri ló rí, àti takisí tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́. Kíkan náà ṣì wà lórí ahọ́n rẹ̀.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Búra," ó wí.

Àl-Kùránì ń bẹ lórí pẹpẹ lókè bẹ́ẹ̀dì Hajia, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Awẹ́ró tọ́ka sí i.

"Gbé ọwọ́ lé e. Búra pé títí wàá fi kú, hóró kan nínú oògùn yìí kò ní kan ẹnu rẹ mọ́. Bó ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó. Ẹni yòówù kó fún ọ."

Hajia ti rò pé ohun tí yóò ná òun máa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èémí rẹ̀ já wálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sókè tó gbé Àl-Kùránì náà sọ̀ kalẹ̀, tó tẹ́ ẹ síwájú ọmọ rẹ̀.

"Búra fún ìyá kíá, Nafisa. Àwọn èèyàn ń dúró."

Nafisa gbé ọwọ́ lé e, ó búra. Gbogbo rẹ̀ ló sọ bí Awẹ́ró ṣe là á kalẹ̀, kò fo ọ̀kan.

"Àmín," Hajia wí.

Awẹ́ró so ọ̀rá oògùn mọ́ etí ìró. Ó wọ yàrá ọmọ rẹ̀, ó di aṣọ àti bàsíà. Kò gba ẹ̀yìnkùlé. Àárín àwọn àlejò ló gbà kọjá, ó ń kúnlẹ̀ kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kí wọn kú oríire ìyàwó. Arábìnrin àgbà ọ̀hún bi Hajia pé ta nìyẹn.

"Ìyá ìyàwó Yusif ni. Ó ń ro ọṣẹ."

"Obìnrin jẹ́jẹ́," arábìnrin náà wí.

Bàbá Adéògún rí i tó ń kọjá lábẹ́ igi. "Báwo lara ọmọ?"

"Ọwọ́ Ọlọ́run ló wà, Bàbá."

Nígbà tó padà dé ọsibítù, wọ́n ti fún Fàrídà ní oògùn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún sínú omi. Ó ń sùn, ó ń jí.

"Ṣé ẹ jẹ́ iṣẹ́ dókítà fún un?"

"A ti sọ̀rọ̀."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ò ní lò ó mọ́."

Fàrídà wo ìyá rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bèèrè nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n oorun àìsàn ti ń fà á lọ, kò sì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi dàrú. Ó ń pe nọ́ọ̀sì ní Afua, ó ń bèèrè wàákyé. Májèlé tí ẹ̀dọ̀ kò rí fọ̀ mọ́ ti gun orí rẹ̀, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè bá a sọ ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Yusif wá ní ìrọ̀lẹ́, òórùn ẹran ewúrẹ́ wà lára jàlábíà rẹ̀. Ó dúró sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún. Awẹ́ró fi àga fún un.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà bi í pé, "Màmá, ẹni yẹn ńkọ́? Ṣé ó ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀," Awẹ́ró wí.

Ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀. Nafisa ń rìn nínú ilé bí ẹni tí wọ́n yọ eegun lára rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, oúnjẹ kò wù ú, nígbà tó ṣe, èébì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní hílàhílo ìyàwó ni. Hajia ní ojú àwọn tó wá wo lẹ́fẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lára, ó ń fi omi tírà wẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ Nafisa kan tó mọ ohun tó ń lò lọ ra hóró funfun díẹ̀ wá ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ó ní, "Lo ọ̀kan, gbogbo ara rẹ á padà." Nafisa mi orí. Ó ti fi ọwọ́ lé Àl-Kùránì.

Bàbá Adéògún dúró de Awẹ́ró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó wá pààrọ̀ aṣọ.

"Awẹ́ró, ọmọ yẹn ò dáa. Ìwọ lo mọ̀nà ọsibítù nínú ilé yìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

"Ọmọ náà ní ìyá nílé, Bàbá."

Arúgbó náà wò ó. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn obìnrin fẹ́ wá lé làálì sí Nafisa lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ó dìde pé òun ń lọ sí balùwẹ̀, kò dé ibẹ̀. Ilẹ̀ àgbàlá ni wọ́n ti bá a, ara rẹ̀ tutù, ó ń làágùn. Takisí Yusif ráyè lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé e sínú rẹ̀, Hajia gbé orí rẹ̀ lé itan, Yusif ń tẹ fèrè láìdáwọ́ dúró. Wọn kò tíì kúrò ní Nima tí Hajia fi ní kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Wọ́n gbé e padà wálé, wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin tó gbé ewé làálì wá jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò gbé e sí. Lémọ́ọ̀mù ní kí wọ́n tètè wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n lè kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Afua kò ta wàákyé.

Awẹ́ró wà nídìí iná lẹ́yìn ilé, ó ń ro ògì kóókó. Nọ́ọ̀sì ti tẹ̀ ẹ́ láago ní ìdájí pé orí Fàrídà ti mọ́, pé ó bèèrè oúnjẹ. Ó bu kóókó náà sínú fúláàsì, ó dé e, ó gba àárín àgbàlá kọjá. Hajia ń bẹ lórí ẹní, ìborùn ti bọ́ lórí rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di etí ìró Awẹ́ró mú.

"Ìyá Fàrídà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ọsibítù. Kí ló pa ọmọ mi?"

"Mi ò kàwé, Hajia," Awẹ́ró wí.

Ó dúró títí ọwọ́ náà fi tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n ti fi ìrọ̀rí ti Fàrídà lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ṣì pọ́n, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń wò jáde nínú rẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ọjọ́ wo la wà? Ṣé wọ́n ti lé làálì fún Nafisa?"

Awẹ́ró ṣí fúláàsì. Ó bu kóókó sínú ṣíbí, ó fẹ́ ẹ, ó tún fẹ́ ẹ, títí kò fi sí èéfín kankan lórí rẹ̀ mọ́.

"Ya ẹnu," ó wí.